Fọ́tò Obìnrin Tó Ń Fọ́ Òkúta

Kí n fi í ránṣẹ́… àbí kí n parọ́ pé kámẹ́rà bà á jẹ́? Ta ló máa gbà? Òun ló wà lójú kọ̀ǹpútà yìí, ó mọ́ gaara, ó dára ju gbogbo fọ́tò tí mo yà lọ́dún yìí lọ. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus ń dúró dè é ní ọ́fíìsì wọn n'Ìbarà. Ilé-iṣẹ́ wọn ló ń fọ́ òkúta tà ní Kọ́bapẹ́. Ó ní, "Màdáàmù Fàòsíyà, èyí tí obìnrin yẹn ti ń rẹ́rìn-ín la fẹ́. Pátákó ńlá la máa gbé e sí, kí aráyé rí i pé inú àwọn òṣìṣẹ́ wa dùn."

Inú wọn dùn.

Ẹ̀rín wo? Èmi ni mo ní kó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó ti òkìtì òkúta, òòlù lọ́wọ́, eruku funfun bò ó dé ìpéǹpéjú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bọ́jú ná." Mo ní rárá… mo ní, "Má ṣèyọnu, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe dára."

Dára fún ta ni?

Ó sì gbà. Ó wo kámẹ́rà, ó lanu—

Bàbá mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní sítúdíò wọn l'Aké, dígí wà lára ògiri, àtíkè wà, kóòtù kan wà tí gbogbo àdúgbò ti wọ̀ ya fọ́tò. Bírikìlà á wọlé, á jókòó bí adájọ́. Èmi a máa rẹ́rìn-ín. "Bàbá, irọ́ lẹ̀ ń yà yìí o." Wọn kì í bínú. "Fàòsíyà, bó ṣe wu oníkálukú kí ọmọ rẹ̀ rí i ni mò ń yà."

Èmi, mo ní òtítọ́ ni tèmi. Ó dáa. Eruku yẹn, òtítọ́ ni. Ẹ̀rín yẹn ńkọ́?… Àṣẹ ni. Àṣẹ tèmi.

Kí n padà lọ sí Kọ́bapẹ́ ni. Lọ́la, kí n gba ọ̀nà Ṣágámù, kí n fi fọ́tò yìí han obìnrin náà kí n tó fún ẹnikẹ́ni. Tó bá ní òun ò fẹ́, ó parí. Kí Theophilus máa bínú. Ṣebí kò le? Àwọn obìnrin tó ń fọ́ òkúta níbẹ̀ lé ní ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n n ó kàn sọ fún ẹni tó bá wà lẹ́nu géètì pé mò ń wá…

Mò ń wá…

Fọ́tò mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo yà á lọ́jọ́ náà. Mo ní kó yíjú sọ́tùn-ún. Mo ní kó gbé òòlù sókè, kó má wò mí, kó ṣe bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Ó ṣe gbogbo ẹ̀.

Mi ò tilẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀.