Ẹ́ńjìnnì Tó Gbóná

Ọwọ́ òsì Nọ́ọ̀sì wà lórí ẹ́ńjìnnì, orúnkún rẹ̀ sì ń kí onílé. Ìkúnlẹ̀ náà kò délẹ̀ dáadáa, nítorí tirélà tí wọ́n gbé alùpùpù orí omi tí onílé fẹ́ tà lé ga, apá rẹ̀ kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ ilẹ̀. Onílé, ọkùnrin kan tó ń ta góòlù, ń wo ọwọ́ obìnrin tí kò mọ̀ rí lábẹ́ ìjókòó ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni tí àlejò ṣí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ wò kó tó jókòó.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Nọ́ọ̀sì wí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ó gbóná."

Ẹni tó kọ́ ọ ní ìwàkiwà yìí ni Ọ̀gá Jẹnẹrétọ̀, ìyẹn ọkùnrin tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ amúnáwá ní ọsibítù tí Nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kó má wo ọ̀dà tó ń dán, kó má sì jẹ́ kí wọ́n fi rédíò inú ẹ̀ tàn án. "Ẹ̀rọ tó bá ti gbóná, kò sí èyí tí kì í jí nínú wọn," ló wí. "Èyí tó tutù lẹ fi ń mọ ìwà ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti dé ilé ẹni tó fẹ́ tà á, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó kí i. Bó bá gbóná, á jẹ́ pé wọ́n ti jí i sílẹ̀ dè yín, torí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́. Ẹ yáa máa bọ̀ nílé." Nọ́ọ̀sì gba gbogbo rẹ̀, àyàfi ọ̀rọ̀ kíkí yẹn. Ìyá tó bí i kò tọ́ ọ kó máa wọ ilé onílé láìkí i. Ló bá dá ọgbọ́n tirẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wádìí, ó ń fi orúnkún kí wọn.

Ẹ má sì rò pé fàájì ló ń wá kiri. Láti oṣù méjì ni ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí òdìkejì omi ti bà jẹ́, ọkọ̀ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kì í sì í gbéra kí aago mẹ́jọ tó lù. Aago méje géérégé ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti so aláìsàn àkọ́kọ́ mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, Nọ́ọ̀sì ló sì ń so wọ́n. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà. Ó mọ iṣan tó máa ń sá nínú apá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ó mọ ẹni tó máa ń fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń wọlé. Títì tó yí omi náà ká gba wákàtí mẹ́ta. Mátírọ́ọ̀nù ti fún un ní lẹ́tà méjì nítorí pípẹ́ lẹ́yìn, ó sì ní ẹ̀kẹta kò ní í jẹ́ ìkìlọ̀ mọ́, pé nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé òdìkejì ti ń dúró de àyè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi wá ohun tí yóò máa gbé e kọjá. Ọjọ́ Ajé ni ìsinmi náà yóò parí.

Ohun tó ń wá kò ṣòro. Ẹ̀rọ àlòkù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí kò ní àwọn àfikún tí wọ́n fi ń sáré àsápajúdé, nítorí Ọ̀gá Jẹnẹrétọ̀ ní ibẹ̀ ni wàhálà ń gbà wọlé. Kí ẹni tó ni ín ti máa fi omi tó mọ́ ṣan inú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá lò ó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kó máa jí lówùúrọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ dùn, gbogbo orí tó wà ládùúgbò ló ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ni òun yóò máa pe àwọn tó fẹ́ tà, òun ni òun yóò máa bá wọn dá àkókò, kí ìyàwó òun sáà máa bá òun lọ wò ó.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nìyẹn. Ti ẹlẹ́ja gbóná. Ti ilé ìtura kan létí omi gbóná, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti ha bí ìkòkò tí wọ́n fi iyanrìn fọ̀. Èyí tó dun Nọ́ọ̀sì jù ni ti dókítà eléyín. Àádọ́ta wákàtí péré ni ẹ́ńjìnnì náà tíì ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti dáyé, bátìrì rẹ̀ jẹ́ tuntun, ọkùnrin náà sì fi gbogbo ìwé rẹ̀ sínú fáìlì bí ìwé aláìsàn. Nọ́ọ̀sì ń gbàdúrà bó ṣe ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó. Ó gbóná débi pé ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"Ẹ̀rọ gidi rèé o," ni ọkọ rẹ̀ ń wí lẹ́yìn, ó ń fọwọ́ pa á lára. "Ẹ wò ó bó ṣe ń dán."

Nínú mọ́tò, Nọ́ọ̀sì káwọ́ lérí. "Dádì, àní dókítà eléyín. Ẹni tó ń fọ eyín àwọn èèyàn. Òun náà ń purọ́?"

"Ayé ti bàjẹ́, Nọ́ọ̀sì mi," ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn, ó sì mí kanlẹ̀. "Kò sẹ́ni téèyàn lè finú tán mọ́."

Ó sú Nọ́ọ̀sì. Gbogbo ẹ̀ ló sú u: tirélà àwọn èèyàn, ọgbà àwọn èèyàn, ajá àwọn èèyàn, àti bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń yin gbogbo irin tí wọ́n bá ti gbé síwájú rẹ̀ bí ẹni ń yin ọmọ tuntun. Mẹ́fà ni wọ́n wò, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló gbóná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá òun ni orí òun kò pé, bóyá gbogbo ẹ́ńjìnnì ayé yìí ni kì í tutù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹnì keje. Tíṣà ni obìnrin náà, ó ti fẹ̀yìn tì, ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní omi wíwẹ̀, ó sì ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró sí ìkángun odò pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Etí omi gan-an nilé rẹ̀ wà. Alùpùpù náà ti pé ọdún mẹ́sàn-án, kò dán, kò ní rédíò, àyè ìjókòó mẹ́ta ló ní, àmọ́ ó mọ́ tónítóní dé abẹ́ rọ́bà. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kí i, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó.

Ìbínú pàápàá kọ̀, kò wá mọ́. Ó kàn fa ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó nù ún sí ara ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà. À ń lọ."

"Ẹ̀ ń lọ síbo?" ni Tíṣà bi í. "Ẹ ò tíì wo nǹkan kan. Kí ló ṣe é?"

"Ó gbóná, mà."

"Kò ṣe ní gbóná? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n mú un gbóná ni?"

"Èmi kẹ̀, mà?"

"Ọkọ yín tó dúró yẹn. Ó pè mí láàárọ̀ yìí. Ó kí mi, ó kí àwọn ọmọ mi, ó kí orúnkún tó ń dùn mí. Ó wá ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Mo sọ fún un pé kò nílò ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ mí títí. Ó ní ara ìyàwó òun ò gba ìdúró."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin tó lè bá orí mẹ́ta sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti tẹrí ba. Ó ń wo bàtà rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ èsì sí.

"Gbogbo wọn lẹ pè?" ni Nọ́ọ̀sì bi í. "Dókítà eléyín náà?"

"Gbogbo wọn ni."

Nọ́ọ̀sì rọra bẹ Tíṣà pé kó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà tutù, àwọn yóò dúró. Tíṣà wo ọkọ, ó wo ìyàwó, ó gbé àga méjì jáde fún wọn, ó sì wọlé lọ ti ilẹ̀kùn. Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni.

Nọ́ọ̀sì jókòó, ó kọjú sómi. Ó ń rántí dókítà eléyín tí òun pè ní òpùrọ́, ó ń rántí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ṣòfò, ó ń rántí bó ṣe ń fẹjọ́ sun Ọ̀gá Jẹnẹrétọ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́, tí ìyẹn náà sì ń sọ pé àwọn èèyàn ìsinsìnyí ò ṣeé fọkàn tán. Nígbà tó wá la ẹnu, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù.

"Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ Ajé ni. Ẹ ka lẹ́tà Mátírọ́ọ̀nù, ẹ̀yin lẹ kà á sí mi létí. Tẹ́ ò bá fẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu yín ò wúwo, ẹ bá sọ ọ́. Ẹ ń gbé mi yípo ìlú bí ọmọ tí wọ́n ń tàn, ẹ ń yin irin, ẹ ń sọ pé ayé ti bàjẹ́. Ta ló bà á jẹ́?"

"Èmi ni," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Kí ló dé?"

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí omi. "Wíńdò ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sómi. O mọ̀. O rántí ọkọ̀ tó dojú dé lọ́dún tó kọjá?"

"Mo rántí. Wọ́n gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa."

"Ojú mi ló ṣe. Mò ń gẹ orí ẹnì kan lọ́wọ́, mo fi í sílẹ̀ ní àbọ̀, mo sáré lọ sétí omi. Mi ò sì mọ omi wẹ̀, Nọ́ọ̀sì, mo kàn dúró síbẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n fa wọ́n jáde, ojú ọ̀kan nínú wọn ti wú, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo dá a mọ̀. Irun ẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀, torí pé èmi ni mo gẹ̀ ẹ́ fún un ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Mo rí ìlà tí mo fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹ̀, ó ṣì gún régé." Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Mo di irun ìwọ náà ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìsinmi ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí. Mi ò lè sọ fún ẹ pé má lọ. Iṣẹ́ ẹ ni. Mo wá rò pé tí ìwọ fúnra ẹ bá kọ gbogbo ẹ̀rọ tá a wò, kò ní jẹ́ ẹjọ́ mi."

Inú ṣì ń bí Nọ́ọ̀sì. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é, inú sì ń bí i síbẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ sí i láyà, kò sí èyí tó fẹ́ dìde fún ìkejì. Ọdún kan gbáko ni ọkùnrin yìí ti ń gbé òkú kan kiri lójú, tó sì ń dá ẹ̀rín pa àwọn oníbàárà rẹ̀. "Ẹ ò sọ fún mi," ló wí.

"Àwọn tó ń kú lójú ẹ ti pọ̀ tó."

Nígbà tó di ọ̀sán, Nọ́ọ̀sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó. Ó tutù. Ó ní kí ọkọ òun náà fọwọ́ kàn án, ìyẹn fọwọ́ kàn án. Wọ́n rọra ti tirélà náà wọ omi títí alùpùpù fi léfòó, omi sì mù wọ́n dé orúnkún. Tíṣà dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó káwọ́ gbera, kò dá sí wọn.

Nọ́ọ̀sì fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Okùn pupa kan wà lára rẹ̀, èyí tí awakọ̀ máa ń so mọ́ ọwọ́, tó fi jẹ́ pé bó bá jábọ́, ẹ́ńjìnnì yóò kú lójú ẹsẹ̀, kò ní sá fi í sílẹ̀ lójú agbami.

"Ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́," ló wí. "Mi ò ní wò. Tẹ́ ẹ bá ní kò jí, ilé yá. Mo máa kọ̀wé sí Mátírọ́ọ̀nù lọ́la pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀, mi ò ní bi yín ní ìbéèrè kan títí láé."

Ó kẹ̀yìn sí i lóòótọ́. Ó ń wo òdìkejì omi, níbi tí òrùlé ọsibítù ti ń tàn nínú oòrùn. Kò ṣòro láti fọwọ́ kan bọ́tìnnì kí èèyàn sì tètè mú un kúrò, kí ẹ̀rọ húkọ́ díẹ̀ kó sì dákẹ́. Nọ́ọ̀sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ rẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n. Omi ń lu orúnkún wọn. Ó pẹ́ gan-an, ó pẹ́ débi pé Tíṣà sọ ọwọ́ tó ká gbera kalẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì náà jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò húkọ́, kò gbọ̀n, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ̀ọ̀ lábẹ́ ìjókòó.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì yíjú padà, ọkọ rẹ̀ ṣì fọwọ́ lé ẹ̀rọ náà, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ okùn pupa náà, ó sì ní kí Nọ́ọ̀sì mú ọwọ́ rẹ̀ wá. Ó ta á ní kókó mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó fà á wò, ó tú u, ó tún un ta, ó tún fi kókó míì lé e.

"Dádì, ẹ ti fún un jù. Ọwọ́ mi ti ń kú."

Ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò dẹ̀ ẹ́ púpọ̀.