Agolo Aláwọ̀ Ewé

Ohun tí wọ́n bá kọ orúkọ ẹni sí lára, ta ló ń ṣẹ́ ẹ kù? Bó ṣe rí lọ́kàn Bàbá Atẹ̀wé nìyẹn lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ gbé agolo bísíkíìtì aláwọ̀ ewé kan wọlé, tí wọ́n kọ "Fún Àwọn Alátọ̀gbẹ" sí gàdàgbà. Àtọ̀gbẹ ti wà lára ọkùnrin yìí tipẹ́. Wọ́n ti gba ṣúgà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ti gba ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ti gba búrẹ́dì funfun. Àfi bíi pé Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí rẹ̀! Ó jókòó ti agolo náà, ó ń jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́ tó wọ oko àgbàdo tí olóko ò sí nílé.

"Bàbá, ẹ rọra," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Rọra kẹ̀? Ka ohun tó wà lára rẹ̀ sí mi létí. Ti wa ni!"

Olùkọ́ ni ìyàwó yìí. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ọkọ rẹ̀ náà ò sì pè é ní nǹkan mìíràn. Ohun tí Tíṣà bá ti rí kà lára bébà, ó parí nìyẹn. Owó agolo yẹn tó ìlọ́po mẹ́ta ti bísíkíìtì lásán, ṣùgbọ́n kò wo ẹ̀yìn. Ó ní owó kò tó ọkọ.

Kò pẹ́ tí ojú Bàbá Atẹ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ẹni tó ń fi ojú jẹun ni o! Ní ilé ìtẹ̀wé rẹ̀, bí àwọ̀ pupa bá fi bíńtín yà kúrò lórí dúdú, bébà ti bàjẹ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò kò fi epo bọ iyọ̀ fún un: "Bàbá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ti ga jù. Bí kò bá sọ̀kalẹ̀, ojú yìí lè lọ pátápátá."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Oníbísíkíìtì, ọkùnrin oníkùn róbótó tó ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, gbé iṣẹ́ wá. Ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara agolo ló fẹ́ tẹ̀: pupa fún ti gbogbo ayé, ewé fún ti alátọ̀gbẹ. Ó gbé agolo kọ̀ọ̀kan dání kí atẹ̀wé lè rí bó ṣe rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ti aláwọ̀ ewé yẹn, ẹ jẹ́ kó dán gbinrin o. Òun ló ń bọ́ wa."

Bàbá Atẹ̀wé mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ka lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ ìwé méjèèjì.

"Ìyẹ̀fun níhìn-ín, ìyẹ̀fun lọ́hùn-ún. Bọ́tà níhìn-ín, bọ́tà lọ́hùn-ún. Kí ló wá yàtọ̀, àbúrò?"

"A yọ ṣúgà lásán, a fi ṣúgà inú èso sí i."

"Ìyẹ̀fun ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ní inú ẹ̀jẹ̀ ni ìyẹ̀fun ti ń di ṣúgà."

"Ha, Ẹ̀gbọ́n! Bí a bá yọ ìyẹ̀fun, kí lẹ fẹ́ jẹ? Agolo?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá Atẹ̀wé sáré délé, ó ròyìn. Tíṣà ò tiẹ̀ gbójú kúrò nínú ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì.

"Ẹ ti tún dé. Lánàá, ẹ ní búrẹ́dì funfun ò ṣe nǹkan kan. Lónìí, bísíkíìtì lásán àti ti aláìsàn ti di ọ̀kan náà. Ọ̀kánjúwà ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Tíṣà, ojú mi ni mo fi kà á!"

"Ojú wo? Èyí tó ń kí òpó ilé 'ẹ káàárọ̀ o' níjọ́sí?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Bí ojú bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn, ẹni tó sì fẹ́ gba ojú ọ̀hún là ló tún ń gbé agolo dí i. Ó padà sí ilé ìtẹ̀wé, ó mú ìwé díẹ̀ nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, ó gbé agolo méjèèjì tí Oníbísíkíìtì fi sílẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ pupa lé ewé lórí, ó lẹ ewé lé pupa lórí. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ni. Eṣinṣin gan-an ò lè mọ ojú ibi tó ti pàdé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó fi ohunkóhun kan ẹnu, ó jókòó sí pálọ̀, ó gbé agolo tó ń ṣe pupa sórí itan.

"Tíṣà! Wá wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Bísíkíìtì lásán ni mo fẹ́ jẹ lónìí. Bí mo bá kú, kí ọkàn rẹ balẹ̀."

"Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ," ni Tíṣà wí, ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀rọ náà wá, nítorí ó fẹ́ borí. Ó gún un níka, ó ní nọ́ńbà yẹn ò burú. Bàbá jẹ iye tó máa ń jẹ. Nígbà tó tó wákàtí méjì, Tíṣà tún gún un. Nọ́ńbà ti fò sókè bí ológbò tó tẹ iná.

"Ẹ wò ó! Ẹ wò ó!" Tíṣà ń jó yí àga ká. "Èmi ni mò ń parọ́, àbí? Ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ bísíkíìtì lásán! Májèlé pọ́ńbélé! Ká ní ti inú agolo mi lẹ jẹ..."

Bàbá Atẹ̀wé fi èékánná ṣí etí ìwé pupa náà, ó fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ewé yọjú lábẹ́ rẹ̀. "Fún Àwọn Alátọ̀gbẹ", gàdàgbà.

Tíṣà gba agolo, ó fi ọwọ́ ra á, ó wo ọkọ rẹ̀, ó tún wo agolo.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ẹ ń ṣe màgòmágó fún tíṣà?"

"Tíṣà ló fún ara rẹ̀ ní òdo o. Mi ò sí níbẹ̀."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó sì yá, omi yẹn kì í ṣe ti ẹ̀rín mọ́. "Áà! Èmi ni mò ń fi owó ara mi ra ìfọ́jú fún yín."

"Ó ti tán. Nu ojú rẹ. Gbé ìkejì wá, ká máa jẹ olówó pọ́ọ́kú lọ."

Tíṣà dìde. Ó kó agolo méjèèjì há abíyá. "Ẹ ti kọ́ mi dáadáa, Bàbá. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà, àwọn méjèèjì ló ń jáde. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á gbádùn ẹ̀."

"Yéè! Mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi!"

Nígbà tí Oníbísíkíìtì wá kó ìwé rẹ̀, Tíṣà ni ó bá lórí àga ní ilé ìtẹ̀wé, láàárín àwọn oníbàárà.

"Mo gbọ́ pé ìyá yín náà ní àtọ̀gbẹ. Ẹ kú ìtọ́jú o. Agolo mélòó ni wọ́n ń jẹ lọ́sẹ̀?"

"Ìyá mi?" Ọkùnrin náà họ orí. "Rárá o, Mà. Dókítà ò fẹ́ kí wọ́n fẹnu kan bísíkíìtì rárá."

Kó tó mọ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ilé ti hó gèè. Ó kó ìwé rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó jáde, kò sì gbé iṣẹ́ wá síbẹ̀ mọ́. Bàbá Atẹ̀wé ṣe ojú fúrú nítorí iṣẹ́ tó lọ. Tíṣà ní kó máa ṣe é lọ, ó ní ojú tó lè fúrú ò tíì fọ́.

Ẹ̀wà díẹ̀, ẹ̀fọ́ púpọ̀, ẹja tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: ohun tó ń jẹ nìyẹn fún ìgbà pípẹ́, tó ń ráhùn ní gbogbo òkèlè. Nígbà tó padà lọ bá nọ́ọ̀sì, ṣúgà ti sọ̀kalẹ̀, òkùnkùn ojú náà sì ti ń ká kúrò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tẹjú mọ́ àwo tí Tíṣà gbé ka iwájú rẹ̀.

"Tíṣà, mo lè ka ẹ̀wà inú àwo yìí lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ọlọ́run ṣeun o!"

"Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Kò pẹ́ rárá tí mo fi kà á tán."