Ife Mẹ́fà Lábẹ́ Igi Dóńgóyárò

Ẹni bá mọ Monísọ́lá ní Dogarawa, ní Zaria, yóò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í ṣófo orin. Ó ń gbálẹ̀, orin ni. Ó ń ṣa ẹ̀wà, orin ni. Bí adìẹ aládùúgbò bá wá ń tú ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, orin náà ni yóò fi lé e lọ. Ṣùgbọ́n orin tí kò lélégbè, ariwo lásán ni. Oṣù mẹ́jọ sì rèé tí Monísọ́lá ti ń pariwo lásán, nítorí Àsíátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ogójì ọdún, ẹni tó máa ń gbe orin rẹ̀, kò yà sílé rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ife ló dá ìjà náà sílẹ̀. Nígbà tí Monísọ́lá wà lọ́mọge, ilé òyìnbó kan ní GRA ló ti ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, òun ni yóò to ife tánganran sórí tírè, tí yóò gbé e lọ sábẹ́ igi, níbi tí ìyá òyìnbó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí, tí wọ́n ń fi ìka méjì mú ife bí ẹni mú labalábá. Ọjọ́ tí òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, ó kó ife mẹ́fà fún un, ife funfun tó ní òdòdó pupa wínníwínní létí. Monísọ́lá fi aṣọ àtijọ́ wé wọn, ó tì wọ́n mọ́nú àpótí. Ó fẹ́ ọkọ, ọkọ ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó bímọ, ó tọ́ wọn, ó sin ọkọ. Ife ń bẹ nínú àpótí.

Ó wá di ọjọ́ ìkómọ kan. Ìyàwó ilé kan di ife tíì mú gbagidi, Monísọ́lá ní, "Ọmọ mi, a kì í dì í mú báyẹn, ife kì í ṣe ọmọ odó." Ni Àsíátù, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, bá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wá gbọ́ ìyá onífe! Ìwọ tó o gbé e fún òyìnbó lọ́dún mẹ́fà, ṣé wọ́n ní kó o jókòó mu nínú ẹ̀ rí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Monísọ́lá dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó gba ilé lọ. Ohun tó dùn ún jù níbẹ̀ ni pé òótọ́ ni.

Àsíátù kò wá bẹ̀ ẹ́, òun náà kò lọ bá a. Nígbà tí Monísọ́lá kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó ránṣẹ́ pe Rose, ọ̀rẹ́ wọn kẹta, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Justin.

"Ìyá Justin, mo fẹ́ pe ẹ̀yin méjèèjì wá mu tíì. Tíì gidi, ti aago mẹ́rin, lórí aṣọ funfun. Tí Alhaja Àsíátù bá wá, tó mu nínú ife mi, ìjà parí. Tó bá wá tí kò mu, á yé mi pé mo ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn."

"Ife lo fẹ́ fi parí ìjà tí ife dá sílẹ̀?"

"Ibi tí nǹkan ti bọ́ náà la ti í wá a."

Rose kọ ìwé ìpè sórí káàdì, ó gbé e lọ fún Àsíátù ní Sabon Gari. Ẹ má rò pé Monísọ́lá fi wàdùwàdù mú ọjọ́ o. Mùsùlùmí ni Àsíátù, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Zaria, oṣù ààwẹ̀ ló sì wà nígbà náà. Monísọ́lá ní sùúrù títí wọ́n fi jẹ ọdún Ìtùnú tán, ó tún fi ọjọ́ mẹ́jọ lé e kí ẹran ọdún lè tán nínú ìkòkò. Lójú tirẹ̀, kò sí ibi tí àṣìṣe lè gbà wọlé.

Nígbà tí Sátidé tó dá náà pé, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ó gé etí búrẹ́dì kúrò, ó fi kùkúmbà há a láàárín, ó dín in kù sí bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́. Ó ṣe kéèkì kéékèèké. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fọ ife.

Rose ló kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú fìlà tó máa ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ Napep dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí Àsíátù sọ̀ kalẹ̀ nínú ìborùn funfun.

"Ẹ kú ilé o," ló wí, bí ẹni ń kí ìyàwó onílé.

Ó ń fi ‘ẹ’ kí ẹni tí wọ́n jọ ń dirun fún ara wọn! "Ẹ káàbọ̀, Alhaja," ni Monísọ́lá dáhùn.

Ó bu tíì. Rose mu tirẹ̀, ó mú búrẹ́dì kan, ó mú èkejì, ó ní, "Kai! Ayé wà níbì kan!" Àsíátù yí ife rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wo òdòdó etí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé e kalẹ̀.

"Ẹ mu ún kó tó tutù."

"Mo ti rí i, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ ná."

Tíì fara balẹ̀ títí èéfín rẹ̀ fi tán. Ewé dóńgóyárò kan já bọ́ sínú rẹ̀. Monísọ́lá gbé e kúrò, ó bu òmíràn sínú ife mìíràn. Àsíátù tún dúpẹ́, ó tún gbé e kalẹ̀. Bó ti máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá há a lọ́fun, Monísọ́lá dá orin:

*Omi gbóná lórí iná—*

Ó dúró de ègbè. Rose nìkan ló gbè é, ohùn Rose sì nìyí, bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Àsíátù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Alhaja," ni Monísọ́lá wí, "ṣé tíì mi ni kò dáa ni, àbí ọwọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbé e wá?"

Àsíátù gbójú sókè. Omi ti lé lójú rẹ̀. Ó wí "Bísímílááì" wúyẹ́wúyẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife, ó ń gbé e bọ̀ lẹ́nu.

Ìgbà yẹn ni Monísọ́lá tó wo ètè rẹ̀ dáadáa. Ó funfun, ó sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ fàdámà etí odò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Irú ètè yìí, ogójì ọdún ló ti ń rí i lóṣù ààwẹ̀! Ó fò dìde, ó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Tíì dà sórí aṣọ funfun.

"Àsíátù! Ṣé o ń gbààwẹ̀ ni?"

"Ọlọ́jọ́ mẹ́fà tí a máa ń gbà lẹ́yìn ọdún ni. Òní ló pé mẹ́fà. Kì í ṣe dandan, mo lè já a."

"Wàá já ọjọ́ kẹfà nítorí omi gbóná?"

"Nítorí ìwọ ni, olóríkunkun! Tí mo bá ní n ò wá, wàá ní ìjà ni. Mo ní kí n ṣáà wá jókòó tì ẹ́. Mo ṣe bí o ò ní máa ṣọ́ ẹnu mi bí ológbò tó ń ṣọ́ ẹja!" Ó fi ìborùn nu ojú. "Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìkómọ yẹn, wallahi, àtọjọ́ náà ló ti há mi lọ́fun. Ẹ̀rín ni mo fẹ́ pa ẹ́, n ò mọ̀ pé ojú egbò ni mo tẹ̀."

Monísọ́lá kọjú sí tábìlì. Ó fa aṣọ bo oúnjẹ gbogbo. "Ẹnikẹ́ni ò jẹ nǹkan mọ́ títí di Màgàríbì."

"Èmi náà?" ni Rose bi í, búrẹ́dì lẹ́nu. "Kí ni kí n wí fún pásítọ̀ mi?"

"Gbé èyí tó wà lẹ́nu ẹ mì, kó o pa ẹnu dé."

Ẹ̀rín sọ! Wọ́n jókòó, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́jọ láàárín wákàtí méjì. Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, Àsíátù fi imú kan ìkòkò tíì, ó yọ ṣùtì ètè. "Omi tí wọ́n fi ṣan ife lèyí." Ó wọ ilé ìdáná bí ẹni wọ ti ara rẹ̀, ó gún atalẹ̀, ó da kànáfùrù sí i, ó sè é pẹ̀lú mílíìkì títí ó fi pọ́n bíi ti màì ṣáyì, àwọn tó ń ta tíì ní ìta gbangba.

Ìpè ìrun dún. Àsíátù yọ èso dàbínù mẹ́ta nínú báàgì rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó mu omi. Monísọ́lá fa ẹní kan yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹní tí kò tẹ́ fún ẹlòmíràn rí, ó tẹ́ ẹ fún un láti kírun.

Nígbà tó kírun tán, Monísọ́lá gbé tírè. Àsíátù já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jókòó. O ti gbé e tó."

Àsíátù bu tíì, ó gbé e síwájú rẹ̀. Monísọ́lá fi ìka méjì mú ife, ó mu ún. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún!

"Báwo ló ṣe rí?" ni Rose bèèrè.

"Atalẹ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù."

"Irọ́ ẹ ni!" ni Àsíátù wí. "Dákẹ́, dá orin."

*Omi gbóná lórí iná—*
*Ẹ bu fún mi, ẹ bu fún mi!*
*Ọ̀rẹ́ mi ti ọ̀nà jíjìn dé—*
*Ẹ bu fún un, ẹ bu fún un!*

Àwọn ará ilé kejì na ọrùn lórí ògiri, wọ́n ní kí ló dé. Monísọ́lá ka ife tó kù lórí tábìlì, ó ní kí wọ́n máa bọ̀.