Abo Eṣinṣin Olórí Ńlá

"Ọ̀gá, orúkọ tèmi dà níbẹ̀?"

Ọ̀gá ò gbójú sókè. Ó ń tú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. "Orúkọ rẹ níbo?"

"Nínú ìwé eṣinṣin tí ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde yìí, sà."

"Wo ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́."

Obìnrin náà wo ìsàlẹ̀ pátápátá. Gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń gbálẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ géètì wà níbẹ̀, òun náà wà níbẹ̀.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé ìpamọ́ kòkòrò ti yunifásítì, nítorí pé ọdún kọkàndínlógún nìyí tó ti ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan kòkòrò mọ́nú àpótí. Òun ló wọ bàtà rọ́bà lọ sí àbàtà, òun ló fi àwọ̀n gbá eṣinṣin náà mú. Kò ju ìdajì hóró ìrẹsì lọ, orí rẹ̀ sì rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀, kìkì ojú. Òun ló jókòó ti awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá fún oṣù mẹ́ta, tó ń ka irun ẹsẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, títí ó fi dá a lójú pé kò sẹ́ni tó tíì ṣàpèjúwe irú rẹ̀ rí. Ọ̀gá gba àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní báyìí, orúkọ Ọ̀gá nìkan ló wà lókè, eṣinṣin náà sì ń jẹ́ orúkọ ìyàwó Ọ̀gá, ẹni tó jẹ́ pé bí ẹ̀fọn kan bá kùn létí rẹ̀, ilé ò ní gbà á.

Ó ń ṣí ìwé náà lọ kí omijé má bàa bọ́ lójú rẹ̀, ló bá kan àwòrán abo. Akọ nìkan ni òun kó fún Ọ̀gá. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló lọ ṣa abo kan nínú àpótí eṣinṣin àbàtà, tó so wọ́n pọ̀ bí ọkọ àtìyàwó. Ìyá Abẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ ọn. Itan rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́, kò nírun. Abo eṣinṣin tòun kọ́ nìyí. Eṣinṣin mìíràn gbáà ni, èyí tí wọ́n ti sọ lórúkọ láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Abo gidi wà nílé òun.

Ó la ẹnu.

"Ṣé ó tún ku nǹkan kan ni?" Ọ̀gá ò kúrò nídìí dúrọ́ọ̀.

Ìyá Abẹ́rẹ́ pa ẹnu dé. Ó pa ìwé náà dé, ó fi í sórí tábìlì.

"Rárá, sà. Kò ku nǹkan kan."

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbé, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Eṣinṣin yìí náà lo torí ẹ̀ sọ fèrèsé mi doko?"

Irọ́ kọ́. Ìkòkò koríko mẹ́fà ló wà lẹ́bàá fèrèsé, àwọ̀n bò wọ́n. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ kan ń fò nínú koríko náà, àwọn tí eṣinṣin olórí ńlá máa ń yé ẹyin sí lára. Ìdin rẹ̀ á máa jẹ inú kòkòrò náà díẹ̀díẹ̀. Onítọ̀hún á ṣì máa rìn, á máa mu omi koríko, kò ní mọ̀ pé òun ti kú tán. Ọjọ́ tí ìdin bá ya ikùn rẹ̀ jáde ni àṣírí tó tú. Lára irú kòkòrò kan ṣoṣo yìí ni akọ àti abo ti jáde lójú Ìyá Abẹ́rẹ́.

"Lọ sọ fún un, àbúrò mi. Béèyàn bá dákẹ́, tara ẹni a bá ẹni dákẹ́."

"Tèmi ò ní dákẹ́. Tiẹ̀ ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ pariwo."

"Ó lè lé ẹ níbi iṣẹ́ o."

"Kó lé mi! Ọdún kọkàndínlógún, ẹ̀gbọ́n mi, ó kó mi pọ̀ mọ́ ìgbálẹ̀."

"Ojú ẹ ń bà mí lẹ́rù."

"Ẹ máa ránṣọ yín."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìwé Ọ̀gá jáde. Ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo ilé. "Ẹ bá mi yọ̀!" Ìyá Abẹ́rẹ́ bá a yọ̀. Ó pàtẹ́wọ́, ó mu ìgò méjì. Nígbà tó délé, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó fi ìwé tirẹ̀ tó ti kọ tán ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú kan náà tó tẹ ti Ọ̀gá jáde: àwòrán akọ, àwòrán abo, ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde lára kòkòrò. Kò bú Ọ̀gá níbì kankan. Gbólóhùn kan ló fi kàn án: "Abo tí wọ́n ṣàpèjúwe ṣáájú kì í ṣe ti eṣinṣin yìí." Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu bí ìrèké.

Nígbà tí tirẹ̀ jáde, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn tó pe Ọ̀gá wá sọ̀rọ̀ níbi àpérò ńlá kan fi kọ̀wé pé kó má wulẹ̀ yọra rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi rẹ́rìn-ín ní kọ́rídọ̀: "Bàbá tó gba ìyàwó oníyàwó fún eṣinṣin."

Ọ̀gá kì í wá sí yàrá Ìyá Abẹ́rẹ́; pípè ló máa ń pè é. Lọ́jọ́ náà, ó wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ lè purọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ á ba adùn rẹ̀ jẹ́. "Ọjọ́ tí mo bi yín pé orúkọ mi dà, sà."

"O rí kòtò níwájú mi, o sì ń wò mí."

"Mo lanu. Ẹ ò wojú mi."

Ó dúró de ariwo. Èsì mẹ́ta ló ti tò sílẹ̀, ọ̀kan mú ju èkejì lọ. Ọ̀gá ò pariwo. Ó ṣí ìwé tó ká mọ́wọ́, ó nà án sí i.

"Abo yìí, ìwọ lo fọwọ́ yà á?"

"Èmi ni."

"Àtàná ni mo ti ń wò ó. Irun kọ̀ọ̀kan." Ó mirí. "Látìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò rí èyí tó dára tó báyìí rí."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ò múra de ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, ìgbà tí kò fẹ́ ẹ mọ́ ló dé. Inú tún wá ń bí i pé ó dùn mọ́ òun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, sà," ó wí. "Atẹ́gùn ń fẹ́ àwọn eṣinṣin mi lọ."

Ọ̀gá bọ́ síta, ó rọra pa á dé. Ìyá Abẹ́rẹ́ dúró títí ìró bàtà rẹ̀ fi tán ní kọ́rídọ̀, ó wá mú ẹ̀mú kékeré. Ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀, ó ṣí ìwé tirẹ̀ síbi àwòrán abo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka irun rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.