Orin Tí Kò Sí Lórí Ìwé

Ojú wọn ṣe mẹ́rin ní etíkun Esuekyir, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ṣáwá wọlé, nígbà tí gbogbo ìlú rọ́ bo ọkọ̀ kan ṣoṣo bí eṣinṣin. Àwọn ọkùnrin ń fa okùn, àwọn obìnrin ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara wọn. Omi ẹja ń kán láti inú ọpọ́n tí Ewurama Inkoom rù, ó ń kán sí i lójú, ó wá gbé orí sókè láti nù ún. Ibẹ̀ ló ti rí ọkùnrin kan. Ó dúró lórí iyanrìn pẹ̀lú bàtà dúdú tó ń dán, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya òkun. Ó rọra sọ fóònù náà kalẹ̀, ó wo Ewurama, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyẹn ti tó fún Ewurama. Ọmọbìnrin tó ti ka gbogbo ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ Mankessim, tó ń kà wọ́n lẹ́nu ààrò ẹja títí èéfín fi sọ ojú ewé di pupa, kí ni kò ní mọ̀ nípa ojú ọkùnrin? Ó mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé bóyá oòrùn ló ń ta ọkùnrin náà lójú.

“Ewurama, ṣé ẹja lò ń rù ni àbí ò ń dúró ya fọ́tò?” Aba ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọpọ́n tì í lẹ́yìn. “Rìn, jàre. Omi ẹ ń ṣàn wọ̀ mí lọ́rùn.”

“Ta nìyẹn?”

“Ọ̀gá akọrin tuntun tí ìjọ gbà láti Accra ni. Ebow Arkaah-Dadson. Orúkọ bàbá kan ò tó o, méjì ló so pọ̀.”

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ewurama fi wọ ẹgbẹ́ akọrin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ kí òórùn èéfín lè kúrò lára rẹ̀, ọṣẹ tó sì ń rà lóṣù kan tó fọ aṣọ ìdílé mẹ́ta.

Ní ìjọ Ebenésérì ní Esuekyir, oníwàásù, tí wọ́n ń pè ní Osofo, kì í dá sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti dé ibi tó dùn, ọ̀kan nínú àwọn ìyá aláṣọ funfun tó ń jókòó lórí àga iwájú á já a gbà lẹ́nu rẹ̀, á fi orin gbé e, àwọn yòókù á gbà á. Ebibindwom ni wọ́n ń pe orin náà. Kò sí nínú ìwé kankan. Oníwàásù á dúró, á nu ojú rẹ̀ títí orin á fi tán, á wá máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wàásù tí wọn ò fi orin já a, ilé ló ń lọ pẹ̀lú ìtìjú.

Nana Adwoa Tsetsewa, tó bí ìyá Ewurama, ni olórí àga náà láti ogójì ọdún. Lọ́jọ́ tí oníwàásù kan ń sọ̀rọ̀ Jónà, kò tíì dé inú ẹja tí Nana ti dìde. Ọkọ rẹ̀ ló fi kọrin, Egya Kobina, tí ìgbì gbé lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, tó fi pátákó ọkọ̀ fífọ́ wọ́ ara rẹ̀ dé èbúté, tó sì béèrè dokono gbígbóná, ẹ̀kọ àgbàdo wọn, kó tó béèrè ọmọ. “Ẹni tó mọ ọ̀nà inú ẹja, Òun náà ló mọ ọ̀nà ilé wa.” Àwọn àgbà ọkùnrin fi etí aṣọ nu ojú. Ebow Arkaah-Dadson gbọ́ orin yẹn ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tó lò pẹ̀lú wọn. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Ohun mìíràn tún wà lára àga yẹn. Ẹni tó bá kú lórí rẹ̀, àwọn tó kù ló ń fi orin sin ín láti ilé dé ẹnu ibojì. Mọ́kànlá nínú wọn ni Nana ti fi ohùn ara rẹ̀ sin. Kò bẹ̀rù ikú. Ohun tó ń bẹ̀rù ni kí wọ́n gbé òun kọjá nínú ìdákẹ́jẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn ìdánrawò, Ebow pe Ewurama sẹ́yìn lábẹ́ igi fúrúntù. Ó na lẹ́tà kan sí i, funfun báláú, kò sí orúkọ lára àpò rẹ̀.

“Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́,” ló wí. “Kò rọrùn fún mi. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Bó o bá délé, wàá rí i.”

Kí Ewurama tó la ẹnu, wọ́n ti pe Ebow nínú ilé ìjọ, ó sì ti lọ.

Ewurama kò mọ bó ṣe délé. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti rí àwọn ẹbí Ebow tí wọ́n gbé ọtí wá kan ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀. Ó ti yan aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti sọ ọmọ méjì lórúkọ kó tó dé ẹnu ààrò, ó jókòó lórí igi ìdáná, ó fi eyín ya àpò lẹ́tà.

“Sí Ìyáàfin Adwoa Tsetsewa. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ẹni tó bá fẹ́ dá orin láàárín ìwàásù gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀, kó sì mú un wá fún àyẹ̀wò ní Ọjọ́bọ̀. Orin tí kò bá sí lórí ìwé, ariwo ni. Bí ẹ bá tún já ìwàásù, a ó gba aṣọ funfun lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì kúrò lórí àga.”

Ewurama kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó yí i padà, bóyá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wà lẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Nana wà ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i, ó ń yí ẹja padà lórí iná. Ó yẹ kí Ewurama na lẹ́tà náà sí i. Ṣùgbọ́n bó bá nà án, yálà Nana dákẹ́ tàbí ó bínú, èyíkéyìí ló máa ba nǹkan tó wà láàárín òun àti Ebow jẹ́. Kí wá ni nǹkan náà? Ẹ̀rín kan létíkun, àti lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ká a kékeré, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú bírò, ó ní òun á tún nǹkan ṣe láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

“Nana, orin wo lẹ fẹ́ kọ lọ́jọ́ Ìsinmi? Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Osofo ti sọ ohun tó máa wàásù fún ẹ ni?”

“Rárá.”

“Òkun ńkọ́? Ó ti sọ ohun tó máa gbé wá lọ́la?”

“Nana, mi ò ṣeré.”

“Èmi náà ò ṣeré. Orin tí mo bá ti mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀, á ti rà kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, bí ẹja tí kò fojú kan iná.” Nana wúkọ́, ó fi ọwọ́ dúdú nu ojú tí èéfín ti sọ di pupa. “Gbé bírò yẹn sílẹ̀, kó o wá bá mi fẹ́ iná.”

Báyìí ni ọjọ́ Ìsinmi ń gun ara wọn, tí Nana ń já ìwàásù, tí Ebow ń fún ojú pọ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì gba aṣọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo àkókò náà, ó ń kọ́ àwọn akọrin ní orin ìkórè tó fúnra rẹ̀ kọ láti fi yin Ọlọ́run nítorí ohun gbogbo tó dá. Ẹṣẹ mẹ́rin ni. Yìnyín funfun orí òkè wà nínú rẹ̀, òdòdó rósì wà nínú rẹ̀, ẹyẹ ìgbà òtútù náà ò gbẹ́yìn. Ṣáwá kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀.

“Bùrọ̀dá Ebow,” Aba bi í, “yìnyín wo nìyí? Èyí tí a fi ń tẹ́ ẹja nínú àpótí?”

“Yìnyín orí òkè ni.”

“Òkè wo?”

“Ẹ̀yin ará ibí ò ní ojú inú.”

Aba yíjú sí Ewurama. “Òkun ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé ẹ̀, yìnyín ló ń yìn.”

“Ó kàwé ni,” Ewurama dáhùn.

“Ìwọ náà kàwé. Ojú ewé mélòó lo ṣí kó o tó débi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní òmùgọ̀?”

Nígbà tó ku ọ̀la kí ìkórè pé, Ebow pe Ewurama sábẹ́ igi fúrúntù náà. “Ìyá àgbà yín yẹn lágídí. Ọjọ́ Ìsinmi márùn-ún lẹ́yìn lẹ́tà mi, ó ṣì ń ya ẹnu. Àgbà oníwàásù, Osofo Panyin láti Cape Coast, ló ń wàásù lọ́la. Bí ìyá yẹn bá fi dá orin, wọ́n á gba aṣọ funfun lára ẹ̀ kó tó délé.” Ó fi ìka kan ẹ̀yìn ọwọ́ Ewurama. “Bá mi mú un dákẹ́. Ìwọ ni mo máa fún ní orin àdákọ.”

Ewurama wo ìka náà. Ó rántí ohùn Nana lójú ibojì mọ́kànlá. Bí wọ́n bá lé e kúrò lórí àga, ta ni yóò fi orin sin òun náà? Ó lọ sílé.

“Nana, ikọ́ yín yẹn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀fun yín sinmi lọ́la. Ẹ má dá orin.”

Ó retí kí Nana bá òun jà. Nana nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. “Bó o bá sọ bẹ́ẹ̀, ó dáa,” ló wí, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀. Ìwọ̀nba yẹn ló sọ, ó sì gún Ewurama ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu àti ẹja gbígbẹ ṣe ilé ìjọ lọ́ṣọ̀ọ́. Ebow tan ọ̀rọ̀ orin yìnyín rẹ̀ sára ògiri, àwọn akọrin kọ ọ́, ìjọ ń jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí iṣu tí kò jiná. Lẹ́yìn náà ni Osofo Panyin dìde, àgbàlagbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ ìwé mímọ́ sórí láìṣí i. Ó sọ̀rọ̀ ọjọ́ karùn-ún ìṣẹ̀dá, bí Ọlọ́run ṣe ní kí omi kún fún ohun alààyè. Ó dé ibi tó dùn. Ó dákẹ́, ó yọ aṣọ ìnujú, ó ń dúró.

Kò sí ẹni tó dá orin.

Gbogbo ojú lọ sára Nana. Nana fi ọwọ́ di ọ̀fun rẹ̀, ó ń wo ọmọ ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń béèrè àyè. Ebow ń ṣí ìwé rẹ̀ kiri. Kò sí ohun tó kọ fún ibí yìí. Ó ṣẹ́jú sí ẹni tó ń tẹ dùùrù, ìyẹn bá tún bẹ̀rẹ̀ yìnyín, obìnrin kan sì rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn.

“Àbí mo ti ṣìnà?” Osofo Panyin béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ṣé Esuekyir kọ́ nìyí?”

Ewurama kò mọ̀ pé òun máa kọrin. Ohùn náà há nígbà tó jáde:

“Ta ló fi ọ̀nà etíkun han ṣáwá?
Ta ló ní kí ìgbì dá Kobina padà?
Èéfín ti wọ Nana lójú láti ọdún pípẹ́,
ojú náà ṣì ń rí Ọ.”

“Ìwọ ni, ìwọ ni,” àwọn ìyá aláṣọ funfun gbà á, bí ẹni pé wọ́n ti ń kọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, ohùn Nana wà lókè gbogbo ohùn, ikọ́ náà wà nínú rẹ̀, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Osofo Panyin ń fi ẹsẹ̀ jó lórí pẹpẹ.

Lẹ́yìn ìsìn, Ebow ya àwọn èèyàn gba àárín wá bá Nana lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ le.

“Ìyá, mo kọ lẹ́tà sí yín, ẹ pa á tì. Ẹ tún wá kó èèràn ran ọmọ kékeré.”

“Lẹ́tà wo?” Nana béèrè.

“Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.”

“Èmi ò mọ̀wé, ọmọ mi, ṣùgbọ́n etí mi ò di. Bí lẹ́tà bá wà, kí ẹni tó kọ ọ́ kà á fún mi. Kí àwọn ará ìjọ náà gbọ́.”

Ebow wo àwọn obìnrin tó ti yí wọn ká. Ó wo Osofo Panyin tó dúró lẹ́yìn wọn, tó ń nu ojú. “Kò pọn dandan,” ló wí.

“Ó pọn dandan,” Ewurama dáhùn. “Ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi kọ ọ́.”

Ó gbé aṣọ akọrin rẹ̀ sókè, ó tú kókó tó wà létí ìró rẹ̀. Lẹ́tà náà ti pọ́n bí ewé ìwé ìfẹ́ rẹ̀, òróró ẹja ti fa ìlà sára rẹ̀. Ojú Ebow kúrò lára Nana, ó dúró sára Ewurama, ẹ̀ẹ̀kejì irú rẹ̀ láti ọjọ́ etíkun. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín.

“Nana, ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ti wà lọ́wọ́ mi,” Ewurama wí. “Mo purọ́ fún yín nítorí bàtà dídán. Tiyín ni.”

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fún un. Nana gbà á, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn ẹja tirẹ̀ lára rẹ̀, ó sì nà án sí Ebow Arkaah-Dadson pé kó máa kà á.