Onílé-Gbogbo

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Adébùnmí Owólabí kò fi dáhùn sí orúkọ rẹ̀ nínú kíláàsì mi. Bí mo bá ti pè é, Ṣàkírù, ọmọ onílẹ̀ Kuje, abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac, ni yóò lọgun láti ẹ̀yìn pé, "Onílé-gbogbo wà ńbí, Mísì!" Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Bùnmí, ọmọ ọdún méje, á dorí kodò.

Kí ló ṣe? Ìbàdàn ni wọ́n ti kó wá sí Festac l'Ékòó lọ́dún 1978, nígbà tí ìjọba fún bàbá rẹ̀ nílé. Ilé Festac nígbà náà, bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ ti rí gbogbo wọn: ọ̀dà kan náà, ilẹ̀kùn kan náà. Lọ́jọ́ kẹta, Bùnmí ti ilé ìwé dé, ó wọ ilé onílé, ó bọ́ yunifọ́ọ̀mù, ó jẹ mọ́ínmọ́ín tó bá lórí tábìlì, ó sì sùn. Ariwo "Olè!" ló jí i. Kó tó dé ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Láti ìgbà náà, kò fọhùn mọ́, nílé àti nílé ìwé.

Mo na Ṣàkírù. Ẹgba náà dùn ún, ṣùgbọ́n kò la Bùnmí lẹ́nu. Hẹ́dímásítà ní kí n na Bùnmí náà. Mo ní, "Ọ̀gá, níbo lẹ ti rí i tí pàṣán tú ahọ́n rí?"

Ìgbà tí mo wá gbọ́ pé bàbá rẹ̀ ní bí kò bá sọ̀rọ̀ kí oṣù tó parí, òun á dá a padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà n'Ìbàdàn, ara mi gbóná. Ọmọ tójú ń tì, ẹ tún fẹ́ lé e nílé! Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kọ àdírẹ́sì wọn síwèé, ó di ọ̀dọ̀ wọn.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Mo wọlé, mo bọ́ bàtà, mo jókòó. Ọkùnrin kan jáde tòun taṣọ ìnura lọ́rùn. Kó tó lanu, mo ti bẹ̀rẹ̀:

"Bàbá Bùnmí, ẹ jókòó! Ọmọ yín kì í ṣe ọjà tí ẹ ó dá padà. Ẹ̀yin ò ṣìnà rí? Àbí àtinú ìyá yín lẹ ti mọ̀nà wá?"

Mo sọ ọ́ fún un dáadáa. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo dúró mí, ó ní, "Àǹtí, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló yé mi. Àmọ́ mi ò tíì gbéyàwó."

Òun náà ló sìn mí dé ilé Owólabí, ní òpópónà tó tẹ̀lé e. Mo ro ẹjọ́ ara mi fún tọkọtaya náà bó ṣe rí, mi ò bu iyọ̀ sí i, mi ò yọ kúrò. Bùnmí wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ìyá rẹ̀ yíjú sọ́kọ.

"Dádì Bùnmí, kọ́kọ́rọ́ tó kán ńkọ́?"

"Ta ló bi ọ́?"

"Ẹ sọ fún Tíṣà. Inú ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn lẹ kán an sí, tẹ́ ẹ tún ń pariwo pé mo tìlẹ̀kùn mọ́ yín síta!"

Kọ́tìnì mì. "Dádì, ẹ̀yin náà?"

Ohùn Bùnmí nìyẹn. Bàbá rẹ̀ dìde lọ síbi kọ́tìnì. "Èmi náà, Bùnmí. Ojú ló tì mí tí mi ò fi sọ fún ọ." Ó fà á mọ́ra. Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ro ìtàn mi fún kíláàsì. Ṣàkírù rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. "Mísì náà ti di Onílé-gbogbo!"

"Mo ti di Onílé-gbogbo lóòótọ́. Ta ló tún ti ṣèèṣì wọ ilé onílé rí?"

Ọwọ́ mọ́kànlá lọ sókè. Ti Bùnmí lọ sókè kẹ́yìn. Ṣàkírù nìkan ló wò yí ká, tí kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ilé tiwa ní Kuje kò jọ tẹnì kankan," ló ń kùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wá láti oko bàbá rẹ̀, tòun ti erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó gbé e ka iwájú Bùnmí. "Gbìn ín síwájú ilé yín, kó má bàa jọ àwọn ilé yòókù mọ́."

Mo ṣí rẹ́jísítà. "Adébùnmí Owólabí?"

"Mo wà ńbí, Mísì." Ó gbá ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ mọ́ra. "Tẹ́ ẹ bá tún ń bọ̀ nílé wa, ẹ wá ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà o. Ẹ má tún lọ máa bá ẹni tí kò tíì gbéyàwó jà."