Bíréèkì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Ṣe

Ẹ wá wo mọ́tò! Mọ́tò tuntun gbáko, tí ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀, tí inú rẹ̀ ń rùn bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan ló ni ín. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà á lọ síbi iṣẹ́, tó fi wà á bọ̀, tó sì ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún bí ẹni ń nu imú ọmọ. Ṣùgbọ́n bó ti ń nù ún tó yẹn, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Òkè ló ń bà á lẹ́rù. Ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ wà nísàlẹ̀ ìlú, àwọn aboyún tó ń tọ́jú sì pọ̀ lórí òkè, níbi tí ọ̀nà ti lọ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ kí èèyàn tó dé orí rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ìyàwó àbúrò rẹ̀ ń gbé. Oyún rẹ̀ ti lé ní oṣù mẹ́jọ, ìdí sì ni ọmọ inú rẹ̀ kọ sọ́nà, kò kọ orí. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn: "Bí ìrọbí bá mú un, ẹ má dán an wò nílé o. Níbí ni kí ẹ gbé e wá kíákíá." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mọ́tò àtijọ́ ti dákú mọ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ lórí òkè yẹn. Ìdí tó fi ra tuntun nìyẹn. Ìdí náà sì nìyẹn tó fi fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan kún agbára rẹ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ìyàwó tó pé.

Kí ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi kún un? Àbúrò rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kó béèrè tán. Atún-fóònù-ṣe ni àbúrò yìí, ṣùgbọ́n mọ́tò ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Afẹ́fẹ́, nítorí bó ṣe máa ń gun alùpùpù rẹ̀ bí ẹni jí i gbé.

"Àǹtí mi, ẹ gbọ́ tèmi," ló wí, nígbà tí wọ́n dé ọgbà mẹkáníìkì láàárọ̀ Sátidé. "Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì ni kí wọ́n tún tò. Wákàtí kan péré! Lẹ́yìn ìyẹn, sílẹ́ńsà ńlá, kó máa bú ramúramù. Ẹ ó kàn tẹ̀ ẹ́ báyìí ni, fíò! Ẹ ti dé òkè."

Mẹkáníìkì tó ni ọgbà náà wò ó láti òkè délẹ̀. Bàbá àgbà ni, epo ti wọ inú ilà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ, awò méjì ló sì máa ń lò lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lójú, ọ̀kan níwájú orí. Baba Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Kì í fọwọ́ kan mọ́tò tuntun àfi kí ẹni tó ni ín kọ́kọ́ gbé e gba ọ̀nà tí mọ́tò náà yóò máa rìn gan-an. Ohun kan ṣoṣo ló sì máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣe èkejì.

"Níbo ni mọ́tò yìí yóò máa lọ?" ni Baba béèrè.

"Òkè ni, Baba."

"Ó dáa. Ẹ wà mí lọ."

Ó ní kí Afẹ́fẹ́ kó bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rin sí bùùtù, kí mọ́tò lè wúwo bí ìgbà tó gbé èèyàn. Ni wọ́n bá kọrí sí òkè. Mọ́tò gùn ún wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ mí. Afẹ́fẹ́ ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, tó di ibi ìlọ́po kẹfà, nọ́ọ̀sì tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Mọ́tò dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dúró. Òórùn bí ọ̀rá tó ń jóná wọlé wá bá wọn.

"Ẹ fi sí jíà kejì," ni Baba wí jẹ́jẹ́. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Nígbà tí wọ́n délẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ìka sí táyà iwájú. "Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Agbára tó ní tó láti gun òkè. Tí ẹ bá fi kún un, ẹ ó kàn tètè dé òkè ni, ẹ ó sì wá máa wá bí ẹ ó ṣe sọ̀ kalẹ̀. Bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe."

"Bíréèkì!" Afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Èèyàn á ra mọ́tò tuntun, á wá lọ ra ìdúró kún un? Kí ni n ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi? Pé mọ́tò àǹtí mi mọ̀ ọ́n dúró?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń rò ó síwá sẹ́yìn. Tó bá yan eré, tí bíréèkì wá já a kulẹ̀ ńkọ́? Tó bá yan bíréèkì, tí kò wá tètè dé ńkọ́? Bó ń yẹ aboyún wò, òun náà ló ń rò. Bó ń po ẹ̀kọ, òun náà ni. Nígbà tó di ọjọ́ Túsìdeè, ó gbé mọ́tò lọ bá Baba. Bíréèkì ló ní kó ṣe. Ó ṣáà ku ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ìyàwó tó pé. Àyè ṣì wà.

Àyè wo! Ó di ọ̀sán, mọ́tò wà lórí jáàkì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, páàdì bíréèkì tuntun ti wọlé síwájú àti sẹ́yìn, Baba sì ń fa omi bíréèkì àtijọ́ dànù, ni fóònù nọ́ọ̀sì dún. Ìyàwó ni.

"Àǹtí mi, omi ti dà o! Omi ti dà sílẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì ní òun ń bọ̀. Ó pe ilé ìwòsàn fún ọkọ̀ aláìsàn. Wọ́n ní ó ti gbé ẹlòmíràn lọ sọ́nà jíjìn, ó di ìrọ̀lẹ́. Ó yíjú sí ọkọ̀ Baba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lọ́kọ̀ yín."

"Ìyẹn? Kò ní ẹ́ńjìnnì láti èṣí," ni Baba wí. "Mi ò tíì ráyè."

Kí wọ́n tó mira, Afẹ́fẹ́ já wọlé lórí alùpùpù, eruku bò ó, ìyàwó ti pe òun náà. Ó rí mọ́tò lórí jáàkì, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n fi omi tútù lù.

"Àǹtí! Ṣebí mo wí! Ká ní kọ̀ǹpútà yẹn la ṣe, à bá ti parí lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún! Ìyàwó mi ńkọ́? Ọmọ mi ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gún nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Àbí òun ló ṣì í yàn ni?

"Ìwọ, mú sípánà yìí, kí o sì pa ẹnu mọ́," ni Baba wí, láìgbójú sókè. "Nọ́ọ̀sì, ẹ wọlé. Ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ dì í mú. Ẹ tú u. Afẹ́fẹ́ wà nínú omi rẹ̀, a gbọ́dọ̀ lé e jáde. Kì í ṣe ìwọ ni mo ń bá wí."

Wọ́n tẹ̀, wọ́n dì, wọ́n tú, lọ́dọ̀ táyà kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú kan dà bí ọjọ́ kan. Nígbà tí táyà padà sípò, tí nọ́ọ̀sì ti fẹ́ ṣíná, Baba di ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Páàdì yìí tuntun ni, ojú rẹ̀ ò tíì mọ ojú irin. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójijì báyìí, ó lè má mú. Láti ibí dé ẹsẹ̀ òkè, ẹ sáré díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí eré á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ tú u kó tó dúró pátápátá. Ẹ tún ṣe é. Ogún ìgbà."

"Ogún ìgbà kẹ̀!" Afẹ́fẹ́ di orí mú. "Baba, ìyàwó mi ń rọbí!"

"Ìdí tí mo fi ní ogún nìyẹn. Ká ní ọjà lẹ̀ ń lọ ni, ǹ bá ní mẹ́wàá."

Afẹ́fẹ́ fò wọ ẹ̀yìn mọ́tò, ni wọ́n bá gbéra. Ẹ wo obìnrin tó ń wá eré! Ó sáré, ó tẹ̀ ẹ́, ó tú u. Ó sáré, ó tẹ̀ ẹ́, ó tú u. Gbogbo ara rẹ̀ ń pariwo pé kó máa lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dá a dúró. Òógùn bò ó lójú. Kó má baà yára jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tó fi ń kọ́ àwọn aboyún ní mímí:

*Fà á sínú, ìyá ọmọ,*
*Fẹ́ ẹ síta, ìyá ọmọ,*
*Àlejò ti di ẹrù rẹ̀,*
*Ó ti múra, ó ń bọ̀.*

Lórí "fà á" ó tẹ bíréèkì, lórí "fẹ́ ẹ" ó tú u. Àwọn mọ́tò ẹ̀yìn ń fun fèrè. Awakọ̀ kan yọrí síta: "Ìyá, ṣé ijó lẹ̀ ń jó lójú títì ni?"

"Kọjá lọ o jàre!" ni Afẹ́fẹ́ ké padà. Òun ló ń kà á, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè fọwọ́ rẹ̀ ṣe. "Mọ́kànlá. Méjìlá. Mẹ́tàlá. Ogún! Ó ti pé, Àǹtí!"

"Mẹ́rìnlá," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ó pé ogún kí wọ́n tó gun òkè. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, ìyàwó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, aládùúgbò kan gbé báàgì rẹ̀ dání. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àyè ṣì wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀ sí ìjókòó ẹ̀yìn, orí rẹ̀ wà lórí itan ọkọ rẹ̀.

Jíà kejì ni nọ́ọ̀sì fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ìlọ́po kìn-ín-ní. Ìkejì. Ìyàwó bú sí ariwo, Afẹ́fẹ́ sì bú sí tirẹ̀: "Àǹtí, ẹ sáré díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ìwọ ọkùnrin yìí, gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" Ìyàwó gbá a létí látorí itan rẹ̀. "Ikùn ta ni? Ẹ máa rọra, Àǹtí mi. Ẹ kọrin yín."

Nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́, ìyàwó sì ń mí tẹ̀ lé e. Wọ́n yí ìlọ́po kẹfà. Háà! Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti bàjẹ́ síbẹ̀, ó dábùú ojú ọ̀nà, mọ́tò mìíràn sì ń gòkè bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tó ṣófo. Kò síbi tí wọ́n lè yà sí. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́. Kò rì. Ó le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí àpáta, mọ́tò sì dúró, ó ku bí ìgbọ̀nwọ́ kan sí ìdí ọkọ̀ náà. Mọ́tò tó ń gòkè kọjá. Nọ́ọ̀sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń bá ọ̀nà wọn lọ.

Nígbà tí wọ́n wọ ọgbà ilé ìwòsàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dúró. Wọ́n gbé ìyàwó lé ibùsùn onítáyà, ó di yàrá iṣẹ́ abẹ. Afẹ́fẹ́ sáré tẹ̀ lé wọn títí ilẹ̀kùn fi padé mọ́ ọn níwájú. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀ lọ́ọ̀dẹ̀, ó ka gbogbo ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kò sì mọ ohun tó kà. Ó pẹ́ kó tó rántí pé òun kò tíì rí ẹ̀gbọ́n òun.

Ó bá a nínú mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì ti kú, kọ́kọ́rọ́ wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí àgbá ìtọ́kọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Mo ń bọ̀."

Kò mira. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà lórí bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tagbáratagbára.

"A ti dé, Àǹtí. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni."

"Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ náà ni kò gbọ́ ohun tí mo ń wí fún un."

Afẹ́fẹ́ kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì rọra gbé e kúrò, bó ṣe máa ń gbé gíláàsì fóònù tó ti sán. Bàtà bọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni fèrèsé òkè ṣí, tí nọ́ọ̀sì àgbà yọjú: "Obìnrin ni o! Ìyá ń bẹ láyọ̀, ọmọ ń bẹ láyọ̀! Ariwo rẹ̀ ti fẹ́ di wá létí!"

Afẹ́fẹ́ jókòó sílẹ̀ gbì. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, imú ń ṣàn. Wọ́n ń pè é lókè pé kó wá wo ọmọ rẹ̀. "Mo ń bọ̀, mo ń bọ̀," ló ń wí, ṣùgbọ́n kò tíì dìde. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí gbígbọ̀n náà fi dáwọ́ dúró.